Asofẹ́yẹjẹ, Ehoro àti Èbúté inú Ọpọlọ

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ bi àwọn eléwé ọmọ léèrè egbò igi asofẹ́yẹjẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò yìí tọ́jú wèrè: aláìsàn á mu àgbo rẹ̀, á sùn fọnfọn, ara rẹ̀ á rọ̀. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Ìbátan igi náà kan wà ní Íńdíà. Lára tìyẹn ni wọ́n ti yọ èròjà reserpine ní 1952, èròjà yìí sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà.

Kí á tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ ká mọ irú wèrè tí à ń sọ. Oríṣiríṣi ni àìsàn ọpọlọ. Ẹni tí schizophrenia ń bá jà lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, kó máa sọ pé wọ́n ń lépa òun, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má sì lórí má nídìí. Nínú nǹkan bí 300 ènìyàn lágbàáyé, ó ń ṣe ẹnìkan. Ará Èkó á ní "Yaba Left" ni, nítorí ilé ìwòsàn tó wà ní Yábàá láti 1907, ṣùgbọ́n èébú nìyẹn, kì í ṣe orúkọ àìsàn.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí Arvid Carlsson ní Sweden, ọdún kan náà tí wọ́n bí Thomas Adéoyè Lámbò ní Abẹ́òkúta. Lámbò, tó di dókítà àìsàn ọpọlọ, kó aláìsàn sáàrin ará abúlé ní Arò níbẹ̀; Carlsson, onímọ̀ oògùn, ní tirẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ọpọlọ. Ní 1957 ó fún ehoro ní reserpine. Ehoro náà rọ sójú kan, etí rẹ̀ wálẹ̀, kò lè mira. Ó tún wá fún un ní L-DOPA, ohun tí ara fi ń ṣe dopamine. Kò pẹ́ rárá, ehoro dìde, ó ń rìn kiri. Bẹ́ẹ̀, títí dìgbà náà, àwọn onímọ̀ ò ka dopamine sí ohun tó níṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Nígbà tí Carlsson lọ ṣàlàyé fún àwọn àgbà ìmọ̀ ní London ní 1960, wọn ò gbà á.

Omi Èkó ni màá fi ṣàpèjúwe ohun tó rí. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í fara kan ara wọn. Ọ̀sà tíńtín kan wà láàrin wọn. Èyí tó fẹ́ ránṣẹ́ á ti dopamine bí ọkọ̀ sínú omi, ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí èbúté òdìkejì, iṣẹ́ á dé. Reserpine ń ba ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ kó tó gbéra jẹ́, àwọn ọkọ̀ á wá ṣòfò sílé.

Ṣùgbọ́n chlorpromazine, oògùn wèrè mìíràn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Largactil, tún sọ ọ̀rọ̀ náà di àdììtú. Ó ń mú ara wèrè balẹ̀, kò sì dín dopamine kù. Ní 1963, Carlsson àti Margit Lindqvist wo ọpọlọ eku tó gba oògùn náà: ọkọ̀ pé, àmọ́ àfọ́kù ọkọ̀, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí dopamine bá ti ṣiṣẹ́, ń pọ̀ sí i. Ẹ dúró ná, ẹ rò ó wò kí ẹ tó kà síwájú. Ohun tí Carlsson rò ni pé oògùn ti lọ jókòó sí èbúté. Iṣẹ́ ò dé, sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ sì ń ti ọkọ̀ síwájú lemọ́lemọ́. Àbá lásán ni nígbà yẹn. Ní nǹkan bí 1976, ìwádìí Philip Seeman àti ti Solomon Snyder fi hàn pé oògùn tó bá di èbúté yìí mú jù, díẹ̀ ni aláìsàn nílò nínú rẹ̀. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000.

Èyí ò sọ pé dopamine nìkan ló ń fa àìsàn náà o. Carlsson fúnra rẹ̀ yíjú sí èròjà mìíràn, glutamate, nígbà tó yá.

Ẹ má lọ máa se asofẹ́yẹjẹ nílé: kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n reserpine tó wà nínú ìkòkò àgbo, ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, ó sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ohun kan tún wà tí ẹ lè fojú rí. Dopamine kan náà ló ń darí ìrìn àti ọwọ́, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń lo oògùn tó ń di èbúté dopamine mú lè máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa wọ́. Àwọn ará ilé á rò pé oògùn ń pa á, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ dà nù. Dókítà ló yẹ kí wọ́n sọ fún, torí ó lè dín in kù tàbí kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.