Láádá, Owó Bodè àti Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ kan tí mo ti ọgbà yunifásítì lọ sí ilé, mo bá ìyá mi ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìdí Arẹrẹ tí ó ń wo ojú fóònù bí ẹni tí ó ń wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Adìrẹ ni ìyá mi ń tà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àbúrò mi ti ń bá a gbé díẹ̀ nínú àwọn aṣọ náà sí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé kan ni àwọn tí ó ni ọjà náà fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Wọ́n ní náírà mẹ́jọ tí àwọn ń yọ lórí ọgọ́rùn-ún nínú ohun tí ó bá tà yóò di náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo kà á fún un tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: "Kín ni wọ́n ń bá mi rù tí wọ́n fi ń gba ìyẹn?"

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí ó tún dùn mí ni pé n kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí n pe owó náà ní èdè abínibí mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo wá kọ́ ní yunifásítì. Mo ní "kọmíṣọ̀n ni, Mọ̀ọ́mi." Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kọmíṣọ̀n ni, kì í ṣe ohun tí àwọn bèèrè nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àpilẹ̀kọ yìí kalẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fẹ́ kí a yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn orúkọ tí àwọn Yorùbá fi ń pe owó tí a ń gbà lọ́wọ́ òǹtajà, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń sọ ohun tí ẹni tí ń gba owó ń ṣe fún ẹni tí ń san án.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó sún mọ́ ilé wa jù. Láti Ìdí Arẹrẹ, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé Bodè, níbi tí àwọn lékulẹ́ja ti ń ta ewé àti egbò. Ọ̀rọ̀ tí ọjà náà fi ṣe orúkọ ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹnu odi ìlú tí oníbodè máa ń jókòó sí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníṣòwò kò lè gbé ẹrù kọjá ní irú ibẹ̀ láìsan owó ẹyọ. Owó bodè yìí wà lára ọ̀nà tí àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ń gbà rí owó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Toyin Falola kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní ọdún 1989, ó sì tọpa rẹ̀ títí dé ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí i. Ẹni tí ó bá san owó bodè ti ra ọ̀nà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbodè kò bá a wá oníbàárà, kò sì ṣe onídùúró fún un. Ibodè kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí ó ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sí Èkó yóò san ní ìlú yìí, yóò tún san ní ìlú tí ó kàn, oníbodè kan kò sì ní bèèrè iye tí ẹnìkejì rẹ̀ ti gbà. Ẹrù ni ó ń wò, kì í wo èrè. Bí ọjà bá kú mọ́ oníṣòwò lọ́wọ́ ní Èkó, àwọn oníbodè ti jẹ tiwọn tán.

Owó ìsọ̀ kò le láti yé ni: ẹni tí ó ni ilẹ̀ tàbí tí ó kọ́ ìsọ̀ ni ó ń gbà á. Bí o bá tà á, bí o kò tà á, o ó san án. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé kì í pọ̀ sí i nítorí pé ọjà rẹ tà.

Èyí tí ó gbà mí ní àkókò jù ni láádá. Inú èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá wa dé. Àwọn Mùsùlùmí ń lò ó fún ẹ̀san iṣẹ́ rere lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ní ọjà màlúù àti ọjà obì, owó tí alágbàtà ń gbà ni. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí láádá ṣe ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí a jìnnà sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1916 ni a tẹ Sábó dó fún àwọn Haúsá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sì ni Abner Cohen wá ṣe ìwádìí láàrin wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1969. Ohun tí ó rí níbẹ̀ yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣí ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kà.

Oníṣòwò tí ó kó màlúù wá láti Òkè Ọya kò mọ alápatà kankan ní Ìbàdàn. Àwìn sì ni àwọn alápatà, tí ó jẹ́ Yorùbá, máa ń ra màlúù; ó di ìgbà tí wọ́n bá pa á tí wọ́n ta ẹran rẹ̀ kí wọ́n tó rí owó san. Báwo ni àjèjì yóò ṣe kó ohun ìní rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀? Máígídá ni ó wà láàrin wọn. Òun ni ó ń gba oníṣòwò sílé, tí ó ń bọ́ ọ, tí ó ń mú alápatà wá bá a, tí ó sì ń ṣe onídùúró. Bí alápatà bá jẹ gbèsè tí kò san, máígídá ni yóò wá owó náà fún ẹni tí ó ni màlúù. Nítorí ìdí èyí, ó pọn dandan fún un láti mọ àwọn alápatà ní àmọ̀dunjú: ta ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ta ni ẹran rẹ̀ kò tà lánàá, ta ni ó ti jẹ gbèsè sí ilé máígídá mìíràn. Lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà ni ó ti ń gba láádá. Alápatà kan ṣoṣo tí ó bá dà á lè gbé láádá ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù lọ. Ẹni tí ń gba láádá ń ru nǹkan, ó sì wúwo.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo gbàǹjo, nítorí pé inú gbàǹjo ni ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ̀. Nínú ọjà tiwa, ẹni tí ó ni ọjà ni ó ń kọ́kọ́ dá iye lé e, oníbàárà yóò ná an, wọn yóò sì pàdé níbì kan. Bí owó tí òǹtajà ń san bá gòkè, ó lè fi lé iye tí ó ń pè. Bí a bá ń lu nǹkan ní gbàǹjo, àwọn tí ó fẹ́ rà á ni ó ń dá iye lé e láàrin ara wọn. Òǹtajà ń wò wọ́n ni. Bí ẹni tí ń lu gbàǹjo bá fi kún owó tí ó ń yọ, àwọn tí ó ń rà kò ní tìtorí ìyẹn fi náírà kan kún iye tí wọ́n ń pè. Ara òǹtajà nìkan ni ó bọ́ sí.

Àwọn ilé gbàǹjo ńlá mọ èyí. Ní ọdún 1975, Christie's àti Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí gba ìdá mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tí ó rà náà, yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó tà. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀gá ilé méjèèjì lọ dì í mọ́ra wọn lábẹ́lẹ̀ nípa iye tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ òǹtajà, kí ẹnìkan má baà dín tirẹ̀ kù. Àṣírí tú, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà sì dá Alfred Taubman, alága Sotheby's, lẹ́bi ní ọdún 2001. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n.

Ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá ohun tí a wá mọ̀ sí eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú orúkọ AuctionWeb. Ọ̀fẹ́ ni lákọ̀ọ́kọ́. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ tí ó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì sọ owó oṣù rẹ̀ di dọ́là 250 láti orí 30, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òǹtajà. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà ṣe bẹ̀rẹ̀: a dá a láti gbé ìnáwó. Ní ọdún 2008, wọ́n dín owó tí a fi ń gbé ọjà kalẹ̀ kù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń yọ lẹ́yìn títà lórí dọ́là 25 àkọ́kọ́ kúrò ní 5.25 lórí 100, ó di 8.75. Ọ̀pọ̀ òǹtajà fi ọ̀sẹ̀ kan kó ọjà wọn nílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà. Owó náà kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, ó ti tó 13.25 lórí 100 fún ọ̀pọ̀ irú ọjà ní Amẹ́ríkà. Etsy náà sọ márùn-ún di 6.5 ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn òǹtajà níbẹ̀ sì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Ìlú Ọba, eBay ní kí àwọn tí ó ń ta ẹrù ilé ara wọn má san nǹkan mọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Inú àwọn èèyàn dùn, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2025 owó mìíràn ti yọ jú, ọrùn ẹni tí ó ń rà ni wọ́n sì gbé e kọ́. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 1975 kò ní yà á lẹ́nu.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bèèrè ohun tí ó kan Ìdí Arẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ eBay. Òótọ́ ni pé àwọn òǹtajà ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà débẹ̀. Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2014, owó sísan síta ni wọ́n ṣí i fún, kì í ṣe owó gbígbà. Ṣùgbọ́n ìṣe kan náà ni àwọn ọjà tí ó wà nílé ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ìyá mi hàn yín.

Adìrẹ kan wà tí à ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí a ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Náírà 12,000 ni ìyá mi ń tà á lórí ọjà náà. Aṣọ, aró àti owó alárò jẹ́ 9,200. Ọ̀rá àti okùn tí a fi ń dì í jẹ́ 400. Nígbà tí wọ́n ń yọ mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún, 960 ni wọ́n ń mú, 1,440 sì ń kù fún un. Bí wọ́n bá mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 1,800 ni, ohun tí ó kù di 600. Ìwé wọn pe àfikún náà ní méje lórí ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ó gbé ju ìdajì èrè ìyá mi lọ, nítorí pé orí iye tí aṣọ tà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọn kò wo èrè. Mo ní kí wọ́n fi owó lé aṣọ. Kí ohun tí ó ń wọlé lè padà sí bí ó ti wà, aṣọ náà yóò di bíi 13,000, tí 1,950 yóò lọ fún àwọn ọlọ́jà. A jẹ́ pé wọ́n tún yọ nínú owó tí a fi kún un nítorí wọn! Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní oníbodè ayé àtijọ́ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Kí n má baà parọ́ mọ́ àwọn ọlọ́jà, wọ́n ń ṣe nǹkan. Oníbàárà ti ra adìrẹ ìyá mi láti Yola, ibi tí ẹnì kankan nínú ẹbí wa kò dé rí. Owó kì í sọnù lọ́nà. Bíi máígídá ni wọ́n rí ní ti pé wọ́n mú àjèjì méjì pàdé. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ẹnìkan ra aṣọ, ó wọ̀ ọ́ lọ sí òde, ó sì dá a padà pẹ̀lú àbàwọ́n ọbẹ̀ ní ìṣẹ́tí rẹ̀. Wọ́n dá owó rẹ̀ fún un. Aṣọ padà sí Ìdí Arẹrẹ, ìyá mi ni ó sì ru àdánù náà tinú tẹ̀yìn. Máígídá kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àpò rẹ̀ ni ìbá ti jáde.

Ní tèmi o, mo gbà pé mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ láádá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láádá tí kò pé. Méje tí wọ́n fi lé e ni mo pè ní owó bodè. Wọn kò fi iṣẹ́ kankan kún èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ti di tàwọn ni. Láti ìgbà tí àwọn àgbà wa ti gbé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, tí apá kìíní dé ní ọdún 1984 tí apá kejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990, a ti mọ̀ pé a lè fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ohun tuntun. Mo dábàá pé kí á má fi "kọmíṣọ̀n" bo méjèèjì mọ́lẹ̀ mọ́. Kí a máa pe owó tí ẹni tí ń gbà á bá wà nínú ewu ọjà náà ní láádá, kí a sì máa pe èyí tí a gbà nítorí ẹnu ọ̀nà lásán ní owó bodè.

Mo gbé e lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi. Wọ́n ní àbá náà dára, ṣùgbọ́n kí n lọ bá àwọn alápatà sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́, kí n gbọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni láádá ṣe rí lẹ́nu ẹni tí ń ra màlúù. Mo ṣì máa lọ. Ní ti ìyá mi, wọ́n ti ní kí àbúrò mi kó aṣọ yòókù kúrò, kí ó fi méjì péré sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni fi pátákó sí ìta. Ẹni tí ó bá ti rà lẹ́ẹ̀kan, inú ọ̀rá aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà fóònù sí. Mo sọ fún wọn pé òfin ọjà náà lòdì sí i. Wọ́n ní kí n bá àwọn bèèrè bóyá òfin náà sọ ẹni tí yóò fọ àbàwọ́n ọbẹ̀.