Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Príncipe, Ilẹ̀ Kékeré Láàárín Òkun

Bí ẹnì kan bá béèrè ní Zongo wa ní Parakou pé, "Níbo ni baba rẹ ti wá?" kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Hausa ni ti èyí, Dendi ni ti ọ̀hún, Yorùbá ni ìyá tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibùdó àlejò ni ìtumọ̀ Zongo. Òwò ló mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Cotonou, lẹ́yìn tí rélùwéè dé Parakou ní ọdún 1936. Ẹni tó bá sì wù láti padà sílé, ó ń padà.

Lónìí, a óò kà nípa ilẹ̀ kékeré kan tí ó dà bíi Zongo láàárín òkun. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí baba ńlá rẹ̀ kò ti ibòmíràn wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òwò ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀. Ìdè ni. Príncipe ni orúkọ ilẹ̀ náà. Ẹ máa pè é ní Pirínsípè.

Ibi tí ó wà

Erékùṣù ni Príncipe, èyí ni pé omi ló yí i ká. Bí ẹ bá dúró létí òkun ní Cotonou tí ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ yí ojú díẹ̀ sí apá ọwọ́ òsì. Ọ̀hún ni ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà Malanville, ẹ ro bí ọ̀nà ti gùn tó láti Cotonou dé ibẹ̀. Príncipe jìnnà sí Cotonou tó bẹ́ẹ̀, omi lásán sì ni gbogbo ọ̀nà náà. Kò sí abúlé kan tí èèyàn lè yà sí.

Ilẹ̀ náà kò tóbi rárá. Bí a bá pín ilẹ̀ kọmúúnù Parakou sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín kan ṣoṣo ni Príncipe. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní ọdún 2012, àwọn ará ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 7,300. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ka tiwa, a sì ju 255,000 lọ ní Parakou. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ó ga ju mítà 900 lọ. Òjò pọ̀, igbó dúdú bo apá gúúsù, odídẹrẹ́ sì ń ké nínú rẹ̀. Santo António nìkan ni a lè pè ní ìlú.

Príncipe àti erékùṣù São Tomé ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Potogí ló jọba lé wọn lórí títí di ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1975. Láti ọdún 1995, Príncipe ní ìjọba kékeré tirẹ̀ lábẹ́ ti São Tomé. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ wọn kò kàn wá. Ilé olódi Potogí tó wà ní Ouidah, ìjọba São Tomé àti Príncipe ló ń ṣàkóso rẹ̀ títí ìjọba Dahomey fi gbà á ní ọdún 1961.

Kòkó àti ìwé àdéhùn

Nígbà tí àwọn Potogí kọ́kọ́ dé Príncipe ní ọdún 1471, wọn kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Igi àti ẹyẹ ni wọ́n bá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹrú láti ilẹ̀ Ìbíní, lẹ́yìn náà láti Kongo àti Àǹgólà, kí wọ́n lè máa gbin ìrèké fún wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Potogí ti dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Ìbíní, tí ó fi di èdè tuntun. Lung'Ie ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "èdè erékùṣù".

Ní nǹkan bí ọdún 1822, wọ́n gbé igi kòkó wá sí Príncipe láti Bàràsílì. Ó tàn dé São Tomé, ó dé Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko báyìí. Láti Fernando Po ni Tetteh Quarshie ti mú èso kòkó bọ̀ wá sí Gáńà ní ọdún 1879. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti ṣe lébìrà nínú oko kòkó, ọ̀nà tí kòkó gbà dé ilẹ̀ wa nìyẹn.

Òfin Potogí fi òpin sí ẹrú níní ní ọdún 1875. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ra ẹrú mọ́, lébìrà ni àwọn ń gbà. Wọ́n á kó èèyàn láti ìgbèríko Àǹgólà, wọ́n á mú un dé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù. Bó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bó dákẹ́, ìwé kan náà ni wọ́n ń kọ fún un: ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún. Ó gbé ìwé náà dání, kò lè kà á. Bí ọdún márùn-ún bá sì pé, wọ́n á tún kọ márùn-ún mìíràn lé e. Akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Nevinson, dé ibẹ̀ ní ọdún 1905. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn tó lọ kì í padà wálé.

Àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoláàtì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ra kòkó náà. Láti ọdún 1901 ni Cadbury ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1909 ni òun, Fry àti Rowntree tó ṣíwọ́ ríra rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Ní tèmi, ó ti pẹ́ jù.

Àrùn sunrunsunrun tún wọlé tọ̀ wọ́n. Eṣinṣin kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Aláìsàn á máa tòògbé títí yóò fi kú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá: wọ́n fi àtè pa aṣọ dúdú, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn àwọn lébìrà bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lóko, eṣinṣin á bà lé e, á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gé igbó, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Kí ọdún 1914 tó parí, eṣinṣin náà ti tán ní gbogbo erékùṣù.

Lẹ́yìn náà, Cabo Verde ni wọ́n ti ń kó lébìrà. Ìyàn ńlá mú níbẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1950, ebi ló sì lé ọ̀pọ̀ wọn wá. Nígbà tí òmìnira dé ní 1975, àwọn ọ̀gá oko lọ sí Potogí, ìjọba gba oko. Àwọn ará Cabo Verde ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ èdè wọn ní Príncipe lónìí.

Bí wọ́n ti ń jẹun

Ọkùnrin ń pẹja nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, obìnrin ń tà á. Wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbẹ̀rẹ̀fúùtù, wọ́n ń dá ẹmu. Owó wọn ni dobra, wọ́n sì so ó mọ́ owó euro bí a ti so sẹ́fà wa. Ṣùgbọ́n ìrẹsì, símẹ́ńtì àti epo ọkọ̀, láti òkè òkun ni. Ní Parakou, bí kàmíọ̀ kan bá bàjẹ́, òmíràn á dé. Ní Príncipe, bí ọkọ̀ ojú omi kò bá wá, ọjà á wọ́n, àwo á gbẹ. Ewu sì wà lójú ọ̀nà náà: ní ọdún 2019, ọkọ̀ Amfitriti tó ń bọ̀ láti São Tomé dojú dé, àwọn èèyàn kú.

Kòkó ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bíi ti àtijọ́. Iṣẹ́ gbígba àlejò ni wọ́n gbójú lé báyìí, àwọn tó ń wá wo igbó àti ìjàpá òkun tó ń yé ẹyin sí etí omi. Ilé iṣẹ́ ọlọ́rọ̀ ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló gba èèyàn sí iṣẹ́ jù lẹ́yìn ìjọba. Ó dára pé iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí ọkọ̀ òfurufú dúró, àlejò ò wá mọ́. Ẹni tó ní oko ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ mọ ibi tí yóò yà sí lọ́jọ́ náà.

Ní ti Lung'Ie, àwọn àgbà díẹ̀ ló kù tó ń fi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àwọn olùkọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Santo António. Ọmọ Cabo Verde náà wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, ó ń kọ́ èdè tí baba rẹ̀ kò gbọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni erékùṣù?
2. Èwo ló tóbi jù, Príncipe tàbí kọmúúnù Parakou?
3. Ọdún mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn lébìrà? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọdún náà bá pé?
4. Kí ni wọ́n fi mú eṣinṣin?
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan ní àdúgbò yín ibi tí baba rẹ̀ ti wá àti ohun tó mú un wá. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìlà márùn-ún.