Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ Yíyan Pẹ̀lú Ọ̀pẹ Òyìnbó: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Jinná Dénú

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti gbogbo ẹni tí ń dáná nínú ilé. Bí a bá kà á tán, a ó lè yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú èso fún oúnjẹ alẹ́, a ó sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ nígbà tí inú rẹ̀ kò bá tíì jinná.

OORE INÚ OÚNJẸ YÌÍ

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní èròjà tí ń mú ara dàgbà. Ó ní èròjà irin tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára, ó sì ní fítámì B1 lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn ní fítámì C, tí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Pípa ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ èso kì í ṣe àṣà tuntun: ní ilẹ̀ Kúbà, omi ọsàn kíkan àti aáyù ni wọ́n fi ń rẹ ẹran náà kí wọ́n tó yan án. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá fàyè gba ẹlẹ́dẹ̀ lè fi adìẹ ṣe é lọ́nà kan náà.

EWU INÚ ẸRAN TÍ KÒ JINNÁ

Iná èédú a máa tan ènìyàn jẹ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ara ẹran á ti pọ́n, òórùn rẹ̀ á ti gba gbogbo agbolé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lè wà ní tútù síbẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí ń rìn kiri tí ó sì ń jẹ ìgbẹ́ ènìyàn lè ní ọmọ aràn nínú ẹran ara rẹ̀. Ọmọ aràn yìí dà bí hóró funfun kékeré tí omi wà nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ láàyè, yóò dàgbà nínú ìfun wa, yóò sì di aràn pẹlẹbẹ tí ó lè gùn ju mítà 2 lọ.

Ewu kò tán síbẹ̀. Ẹyin aràn náà a máa bá ìgbẹ́ ẹni tí ó ní i jáde. Bí onítọ̀hún kò bá fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, ẹyin náà lè ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ gbogbo ilé. Ẹni tí ó bá gbé ẹyin yìí mì ni ọmọ aràn lè bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rìn dé ọpọlọ, kí ó sì fa wárápá. Nítorí náà, ẹni tí kò fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí pàápàá lè kó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí aràn yìí ti gbilẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tí wárápá ń ṣe ni ó jẹ́ pé aràn yìí ni ó fà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wárápá ni ó ti ọ̀dọ̀ aràn wá, itọ́ ẹni tí wárápá gbé kì í sì í kó o ran ẹlòmíràn. Kí a má ṣe sá fún un.

OHUN ÈLÒ (fún ènìyàn 6)

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kílò 1
Ọ̀pẹ òyìnbó 1 tí ó pọ́n
Ọsàn 2
Àlùbọ́sà ńlá 1
Hóró aáyù 3
Atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò
Ata rodo 2
Iyọ̀, ṣíbí ìmutíì 1

Ibi tí dókítà ẹran ti ń yẹ ẹran wò ni kí a ti rà á. Bí a bá rí hóró funfun nínú ẹran, kí a má ṣe rà á. Kí a fi tó wolé-wolé létí.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

1. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí a gé ẹran sí ègé tí kò nípọn ju ìka 2 lọ. Kí a fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti pátákó náà kí a tó fi gé èso.

2. Kí a bó ọ̀pẹ òyìnbó, kí a sì pín in sí méjì. Kí a lọ ìdajì kan pọ̀ mọ́ aáyù, atalẹ̀, ata àti iyọ̀, kí a fún ọsàn 1 sí i, kí a fi pa ẹran fún ìṣẹ́jú 30 péré. Ọ̀pẹ òyìnbó tútù a máa mú ẹran rọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù lára rẹ̀, ẹran yóò rọ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n omi èso kì í pa ọmọ aràn. Iná ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé.

3. Kí a da ẹran àti omi èso rẹ̀ sínú ìkòkò, kí a gé àlùbọ́sà sí i, kí a bu omi ife 1 lé e, kí a sì dé e. Bí ó bá ti hó, kí a dín iná kù, kí ó máa hó fún ìṣẹ́jú 40.

4. Kí a la ègé tí ó nípọn jù lọ sí méjì. Inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pupa rárá, omi ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí a dá a padà sórí iná.

5. Kí a wá yan án lórí ẹyin iná èédú tàbí nínú ófùnù fún ìṣẹ́jú 15, kí a máa yí i padà, kí a sì máa fi omi inú ìkòkò pa á lára. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó jó.

6. Iná a máa dín fítámì C kù. Nítorí náà, kí a gé ìdajì ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn tí ó kù sí ẹ̀gbẹ́ àwo ní tútù. Ìrẹsì tàbí iṣu pẹ̀lú ẹ̀fọ́ bá a mu.

ÌTỌ́JÚ ILÉ ÀTI ARA

Kí a máa sé ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ inú ọgbà. Kí a máa lo ṣáláńgá, kí a sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó dáná. Ẹni tí ó bá rí ègé funfun pẹlẹbẹ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má ṣe ra oògùn aràn lò fúnra rẹ̀, nítorí bí ọmọ aràn bá ti wà nínú ọpọlọ, oògùn náà lè mú kí wárápá gbé e lójijì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó fà á tí a fi ń bọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kí a tó yan án?
2. Báwo ni ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe lè kó ọmọ aràn yìí?
3. Kí ni ó yẹ kí a ṣe bí a bá rí hóró funfun nínú ẹran lọ́jà?