Ọ̀nà Tó Wọ Yàrá Oògùn Onítànṣán

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe yìí ti tu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, ṣùgbọ́n òbí tó ń gbé ní Rush ní Ireland, tí ọmọ rẹ̀ ń múra sílẹ̀ fún Leaving Cert, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tó sì ní iṣẹ́ nuclear medicine, ìyẹn fífi oògùn onítànṣán wo inú ara, ló wu òun, kò gbọdọ̀ gbára lé e. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn lè kọ́ iṣẹ́ yìí ní tààrà, kó ṣe ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Ireland, ọwọ́ àwọn radiographer, àwọn tó ń ya àwòrán inú ara, ni iṣẹ́ náà wà. Èèyàn á kọ́kọ́ di radiographer, á forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORU, àjọ tó ń bójú tó irú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀, kó tó wá fi ẹ̀kọ́ nípa oògùn onítànṣán kún un lẹ́nu iṣẹ́ tàbí ní yunifásítì. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005 ló fi ìdí ètò yìí múlẹ̀, òun náà ló sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ máa pe ara rẹ̀ ní radiographer. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí CORU ń béèrè.

Ẹnìkan á ní ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ radiography ní UCD, yunifásítì kan ní Dublin, ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ ká máa tẹ bọ́tìnnì. Ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná. Technetium-99m ni ohun onítànṣán tí wọ́n ń lò jù lọ. Inú ohun mìíràn tó ń jẹ́ molybdenum-99 ló ti ń jáde, èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀rọ átọ́míìkì ní ilẹ̀ òkèèrè, nítorí Ireland kò ní irú rẹ̀. Ó máa ń dé inú àpótí tí wọ́n fi òjé bò. Láàárọ̀, wọ́n á da omi iyọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kí technetium lè bá a jáde. Láti ìgbà yẹn ni aago ti ń ká a mọ́ wọn lọ́wọ́: láàárín wákàtí 6, agbára oògùn náà á ti dín sí ìdajì. Bó bá jẹ́ 800 ní aago mẹ́jọ àárọ̀, 400 ni yóò kù ní aago méjì ọ̀sán. Bí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti ibùdó Rush and Lusk bá pẹ́, tí aláìsàn kò sì tètè dé ilé ìwòsàn, ẹni tó mú síríǹjì lọ́wọ́ ní láti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, láìṣì í ṣe. Òun náà ló gbọ́dọ̀ rí i dájú pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ti inú ìwé mu, bó bá sì jẹ́ obìnrin ni aláìsàn náà, kó béèrè bóyá ó lóyún tàbí ó ń fọ́mọ lọ́mú. Tó bá jẹ́ egungun ni wọ́n fẹ́ wò, á ṣì tó wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí aláìsàn tó bọ́ sábẹ́ kámẹ́rà. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin kò pọ̀ fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá, ní tiwọn, ń bẹ̀rù pé ìtànṣán á ba ara ọmọ àwọn jẹ́. Ẹ̀rù náà bójú mu, nítorí ìtànṣán kì í ṣe nǹkan eré. Àmọ́ ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ gba ju millisievert 20 lọ́dún, oyún inú òṣìṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ gba ju 1 lọ láti ìgbà tó bá ti fi tó ilé iṣẹ́ létí. Òrùka tó ń ka ìtànṣán wà ní ìka wọn. Wọ́n sì ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá kúrò ní mítà 1 sí mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń bá a tẹ́lẹ̀ ni yóò máa bá a. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dáadáa ló yẹ ká máa bẹ̀rù fún.

Ti owó ló le jù. Ọmọ tó ti gbé ní Yúróòpù fún ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún tó kọjá, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì bá ìlànà mu, lè wà lára àwọn tí ìjọba ń san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ tètè yẹ èyí wò, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò pọ̀ ju ti onílé lọ fíìfíì. Ní ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti jẹ́ radiographer nílé ní Nàìjíríà, bóyá tó tilẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka nuclear medicine ti UCH Ìbàdàn, abèèrè kì í ṣìnà: kó fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí CORU kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí ta ilẹ̀. Wọ́n lè gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè ní kó fi ìdánwò tàbí àkókò ìkọ́ṣẹ́ dí ibi tó kù. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò sílẹ̀, kó sì ti kọ radiography sínú fọ́ọ̀mù CAO rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì.