Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé òun ṣubú, kí ó má baà tún fẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́la. Abẹ́ páànù tí wọ́n ti ń gbá sínúkà ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni òwe yìí ti yé mi yékéyéké.

Tábìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, aṣọ àwọ̀ ewé orí rẹ̀ sì ti ṣá. Bí èèyàn bá ti sanwó, ẹni tó ń ṣọ́ tábìlì á fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù á sì ya wálẹ̀ gbàràgàdà. Bọ́ọ̀lù 15 ni, yàtọ̀ sí funfun tí a ń fi igi gún. 7 jẹ́ ti ẹni kan, 7 jẹ́ ti ẹnì kejì. Dúdú, tí nọ́ńbà 8 wà lára rẹ̀, ló ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbá dúdú wọ ihò kí 7 tirẹ̀ tó tán, eré parí fún un nìyẹn. Ẹni tó bá borí á dúró. Ẹni tó bá pàdánù á sanwó tábìlì, á sì gbé igi fún ẹni tó kàn.

Ìgbà tí èèyàn bá pàdánù ni ìwà rẹ̀ ń hàn. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn á bínú sí igi, wọ́n á ní tábìlì ò dọ́gba, wọ́n á bá ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn wọn jà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ọwọ́ wọn ti wà nínú àpò, wọ́n ti ń wá owó eré mìíràn. Àmọ́ bàbá káfíńtà kan wà tí wọ́n máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ti àwọn ti ìyẹ̀fun pákó lára aṣọ. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á sanwó, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n á sì máa fi ìka tọ ipa ọ̀nà tí funfun gbà. Wọ́n á wá yíjú sí àwa ọmọdé, wọ́n á ní: "Ẹ má wo bọ́ọ̀lù tí mo tàsé yẹn. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ti pàdánù. Ó wọ ihò lóòótọ́, àmọ́ ibi tí funfun lọ dúró sí kò dáa."

Ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀. Bí igi bá gún funfun láàárín gbùngbùn, tó sì bá bọ́ọ̀lù kejì tí kò jìnnà lójúkojú, á dúró síbẹ̀. Bí a bá gún un nísàlẹ̀, á padà sẹ́yìn. Bí a bá gún un lókè, á tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà lọ. Ẹni tó mọ eré yìí ti ń ro ibi tí funfun yóò dúró sí kí ó tó gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tó ń dójú tini lónìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a yá owó. Ìnáwó tó ju agbára lọ ló ṣáájú rẹ̀.

Ibi eré yìí kò burú fúnra rẹ̀. Efren Reyes, ọmọ ilẹ̀ Philippines tí wọ́n bí ní 1954, inú irú ilé eré bẹ́ẹ̀ ló ti dàgbà lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní Manila. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orí tábìlì ló ń sùn sí, orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì ń dúró lé kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó bọ́ọ̀lù. Ní 1999, ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú irú eré orí tábìlì yìí ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales.

Owó tí a fi ń ta tẹ́tẹ́ láti wá owó tó sọ nù ló ń ba nǹkan jẹ́. Lábẹ́ páànù, ojú ń woni, àgbàlagbà kan lè gba igi lọ́wọ́ ọmọ, kí ó ní, "Ó tó, máa lọ sílé." Lónìí, tẹ́tẹ́ ti wọ inú fóònù. Ọmọ lè pàdánù owó oṣù rẹ̀ lórí ibùsùn lóru, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́, bí o bá pàdánù, kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Má ṣe eré mìíràn nígbà tí inú bá ń bí ọ. Béèrè ohun tó ṣáájú àṣìṣe náà, kí o sì tún ìyẹn ṣe. Má fi owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé tàbí owó olówó ta tẹ́tẹ́ láéláé. Kọ́ bí a ṣe ń jókòó sórí bẹ́ńṣì wo àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, torí ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi pàṣán nìkan lé ọmọ kúrò níbi eré. Ẹ yà síbẹ̀, ẹ mọ àwọn tó ń bá ṣeré, ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń fi fóònù ṣe, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin tí ẹ ní tábìlì, ẹ má gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Èrè tí ẹ ó jẹ lórí rẹ̀ kò tó ohun tí gbogbo àdúgbò yóò san bí ọmọ náà bá bàjẹ́.