Ẹsẹ̀ Tó Ń Rìn àti Iyè Àgbà

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò jẹ mọ́ èlé orí owó tàbí bí a ṣe ń yá owó ẹgbẹ́. Orí iyè la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọjà tí à ń tà ní Agége yìí yàtọ̀ síra: ẹlòmíràn ń ta aṣọ, ẹlòmíràn ń ta obì, ẹlòmíràn ń ta páànù àti ìṣó. Ṣùgbọ́n iyè ni gbogbo wa fi ń ṣòwò. Ta ló jẹ wá ní gbèsè? Èló la ra ọjà kí á tó fi èrè lé e? Ta ni a ṣe onídùúró fún? Bí iyè àgbà bá ra, owó rẹ̀ wọ inú ewu nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara wọn.

Kí á kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Kí ènìyàn gbàgbé ibi tó fi awò ojú rẹ̀ sí, kó sì rántí nígbà tó bá ṣe díẹ̀, kì í ṣe àrùn. Ọjọ́ orí ni. Àrùn ni ti ẹni tó ti ń gbé àdúgbò kan láti 30 ọdún, tó wá ṣìnà nígbà tó ń ti ọjà bọ̀ wálé. Ẹni tó ń bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó mọ owó kà dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ṣéńjì 200 náírà wá ń dà á láàmú. Èyí ni Yorùbá ń pè ní arán. Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe é. Tó bá wá jẹ́ ìyá àgbà ni, tó ń dá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú èyí o. Àrùn inú ọpọlọ ni. Wọ́n ti lé àwọn ìyá kan jáde nílé lórí ohun tó jẹ́ pé ọsibítù ló yẹ kí wọ́n gbé wọn lọ.

Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí arán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ògbóǹtarìgì dókítà ọpọlọ, wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Àdúgbò Ìdíkàn nínú ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bá àwọn àgbà tó ti pé 65 ọdún sókè sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ni wọ́n fi wé wọn. Ní 2001 ni wọ́n tẹ èsì jáde. Nínú 1,000 àgbà Ìbàdàn, nǹkan bíi 13 tàbí 14 ni arán ń mú lọ́dún. Nínú 1,000 ti Indianapolis, nǹkan bíi 32. Ó ju ìlọ́po méjì lọ! Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà yìí ni wọ́n ti kó baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ lóko ẹrú.

Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Àwọn dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ lára àwọn àgbà Ìbàdàn tó ti ọ̀hún, wọn kò sanra tó wọn, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré. Wọn kò sọ pé ìrìn nìkan ló fà á, àwa náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú Ìbàdàn, tó sì mọ bí àwọn ìyá ìgbà yẹn ṣe ń gbé igbá lórí, yóò mọ̀ pé àwọn àgbà yẹn kì í ṣe ajókòó-sójúkan.

Ẹ̀rí tó kan ẹsẹ̀ gan-an jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011. Kirk Erickson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 120 ènìyàn jọ, láti ẹni 55 ọdún dé ẹni 80, tí arán kò tíì mú. Wọ́n ní kí ìdajì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 40 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìdajì yòókù kàn ń na ara lásán ni. Apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ, ní ìtòsí etí lọ́tùn-ún lósì, níbi tí à ń tọ́jú ohun tuntun tí a bá gbọ́ sí. Bí a ti ń dàgbà ló ń sún kì. Lẹ́yìn ọdún kan, ti àwọn tó ń rìn ti fi 2 nínú 100 tóbi sí i, ti àwọn yòókù sì ti dínkù. Ìrìn lásán ni o, kì í ṣe oògùn olówó ńlá.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé wa. Ọpọlọ kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀ lọ, àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí ara ń lò, òun ló ń gbà á. Àwọn iṣan tíńtìntín ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ a máa ba àwọn iṣan yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìpẹtà ti ń dí páìpù omi. Ìrìn ń rọ ẹ̀jẹ̀ ríru lójú, ó ń jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ti yẹ, ó ń jẹ́ kí oorun dára.

Ẹ wá wo àwa ará Agége. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti fi 30 ọdún ṣiṣẹ́ ní fáktìrì ní Ìkẹjà, tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, ọjọ́ tó gba ìwé ìfẹ̀yìntì ni àga ti gbà á. Àwọn ọmọ á tún ní, "Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yẹn ń pa ẹsẹ̀ bàbá. Àwa oníṣòwò ńkọ́? A máa ń sọ pé, "Ṣebí ojoojúmọ́ la wà lọ́jà." Òótọ́ ni, à ń lọ. Kẹ̀kẹ́ Máruwá ló ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a ó jókòó láti aago 7 àárọ̀ di aago 7 alẹ́, ọmọ iṣẹ́ á máa gbé ọjà sókè sódò. Àárẹ̀ mú wa lóòótọ́, àmọ́ a kò rìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà fi máa mi ara. Ẹ pín in: 30 ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ tiẹ̀ lè gé e sí 10 ìṣẹ́jú láàárọ̀, 10 lọ́sàn-án, 10 nírọ̀lẹ́. Kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè máa dìde lórí àga kó sì tún jókòó, nígbà mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ ti ara. Ẹ di káńtà ṣọ́ọ̀bù mú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró díẹ̀. Ìyẹn ò ní jẹ́ kí àgbà tètè ṣubú.

Àárọ̀ kùtù ló dára, ní òpópónà inú àdúgbò, kí mọ́tò tó pọ̀. Ojú irin kì í ṣe ibi ìrìn o! Reluwé Èkó sí Ìbàdàn ń gba Agége kọjá láti 2021, ti ìjọba Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo kò ní gbọ́ ọ kó tó dé. Ẹ má dá rìn tí ẹ bá rí ẹnìkejì. Àwọn dókítà Ìbàdàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèje ṣáájú fi hàn ní 2011 pé àgbà tí kì í dá sí nǹkan àwùjọ ni arán tètè ń mú jù. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ti jèrè lọ́nà méjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí àyà ń dùn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Kó má sì torí ìrìn pa oògùn rẹ̀ tì.

Ní ti ẹni tí arán ti mú, ìrìn kò ní wò ó sàn, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Kí ẹnì kan máa bá a rìn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ilé sínú àpò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, kí ẹni tí ó fọkàn tán bá a wá bó bá ń bọ̀ wá gba owó. Gbogbo wa tí iyè wa ṣì pé, ẹ jẹ́ ká wo fọ́ọ̀mù tí a fi orúkọ ajogún wa sí, bóyá ẹni tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé. Fọ́ọ̀mù tuntun wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, ọ̀fẹ́ ni.