Ẹni tí ń Tọ́jú Ẹni tí Orí Rẹ̀ Fara Pa

Ní ọ̀sẹ̀ yìí n kò ní í bá aláìsàn sọ̀rọ̀; ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ìyá kan ń wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Fọlá Agoro nítorí orí fífọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un ní oògùn tí mo sì ní kí ó máa lọ, nítorí èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìgbà kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru: 180 lórí 110. Ẹ̀bi mi ni; ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí n ti wò ó. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nílé?" Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n.

Òǹtẹ̀wé ni ọkọ rẹ̀ ní Ṣómólú. Ó jábọ́ lórí ọ̀kadà, ó sì fi orí gbá ilẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn títí ojú rẹ̀ fi là, wọ́n sì dá a padà sílé. Ó ń rìn, ó ń jẹun, egbò orí rẹ̀ ti jiná, gbogbo ẹni tí ó wá kí i ni ó ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó jẹ́ oníwà tútù tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń gbaná jẹ nítorí pé ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Yóò jí ní aago méjì òru, yóò ní òun ń lọ sí ibi iṣẹ́. Bí ó bá jẹun tán, yóò ní wọn kò fún òun lóúnjẹ láti àná, àwọn ará ilé ọkọ yóò sì gbà á gbọ́. Obìnrin náà ti pa búkà rẹ̀ tì.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "ọkọ mi kò kú, ṣùgbọ́n ọkọ tí mo fẹ́ kọ́ ni ó wà nílé yìí. Bí èèyàn bá dé, 'Bàbá Ìbejì ńkọ́?' ni wọn ń bèèrè. Kò sí ẹni tí ó bi mí pé èmi náà ńkọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ní òru ọjọ́ kan òun bẹ Ọlọ́run pé kí ó kúkú mú un lọ. Mo sọ fún un pé àárẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ìkà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Apá iwájú ọpọlọ, tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí wa, ni ó ń kó wa níjàánu. Òun ni ó ń jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ mì, kí á mú sùúrù, kí á sì mọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe ní gbangba. Bí orí bá gbá ilẹ̀, ọpọlọ a mì nínú agbárí, ibẹ̀ gan-an ni ó sì sábà máa ń fara bó. Ìbínú aláìsàn yìí kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ṣe pé ìyàwó kò tọ́jú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kán, gbogbo ayé ni yóò rí i. Èyí kò hàn sí ojú.

Láti ọdún 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní UCH ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni irú iṣẹ́ yìí ti gbà là. Ṣùgbọ́n dókítà kì í bá aláìsàn lọ sílé. Ní oṣù Kẹsán-án ọdún 2022 ìjọba Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú, Kòsọ́fẹ́, Muṣin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀, títí kan ọ̀dọ̀ wa ní Bàrígà. Òfin dára, àmọ́ àwọn tí ó ti ṣubú kí òfin tó dé ṣì wà nínú yàrá, ìyàwó tàbí ìyá wọn ni ó sì ń ṣọ́ wọn.

Bí aláìsàn bá ń bínú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ pa rédíò, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró dè é. Bí ó bá fẹ́ lu èèyàn, ẹ bọ́ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn gìrì kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró fúnra ẹni. Ẹni tí kò lè dìde, kí ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹni méjì sì máa gbé e. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn.

Nísinsìnyí, ìwọ tí ń tọ́jú. Bí o kò bá rí oorun sùn nígbà tí aláìsàn sùn, bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́ láìnídìí, bí o bá ń rò pé ó sàn kí o kú, tàbí pé o fẹ́ lu ẹni tí ó wà lórí ibùsùn, wá sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá kò jìnnà sí wa, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ti já sí ọjà nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹbí, "à ń fi yín sínú àdúrà" dára, ṣùgbọ́n kò lè ṣọ́ aláìsàn mọ́jú. Mo ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ Ìyá Ìbejì. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé nọ́ọ̀sì ni yóò wá kọ́ òun ní ìwà ẹbí. Mo fi nọ́ńbà 180 náà hàn án nínú káàdì, mo ní bí ìyàwó bá ṣubú, aláìsàn méjì ni yóò jogún. Ó dákẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà wá kẹ́yìn, 140 lórí 90 ni, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ti ń dín àkàrà láàárọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń jí ní aago méjì òru. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, àbúrò rẹ̀ ni ó ń dá a lóhùn.